Òjò Kò Rọ̀ ní Ìṣẹ̀rí, Báwo Lomi Ṣe Wọlé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ẹ̀bá Ìṣẹ̀rí ni mo kọ́lé sí, lápá ibi tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ti bá Èkó pààlà. Ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, òjò ò kán sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Oòrùn ń ràn, mo tiẹ̀ sá aṣọ síta. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, omi ti dé orúnkún nínú pálọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù ní dáàmù Ọ̀yán ni wọ́n ṣí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Kamẹrúùnù ló tú omi sílẹ̀. Ẹni tó ta ilẹ̀ fún mi ní òjò ọdún yẹn ló pọ̀ jù, pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ta ló ń sọ òótọ́ nínú wọn? Ṣé kí n ta ilé yìí ni, àbí kí n ra yanrìn kí n fi kún ilẹ̀ náà?

Ìdáhùn: Ẹ kú àfaradà, mà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti Kamẹrúùnù, torí òun ni kò gba àkókò. Dáàmù tí wọ́n máa ń dárúkọ, Lagdo, orí odò Bẹ́núé ló wà. Tí wọ́n bá ṣí i, omi rẹ̀ á gba Adamawa, á gba Taraba àti Benue, á bá odò Ọya pàdé ní Lọ́kọ́ja, wọ́n á sì jọ kọrí sí òkun lápá Bayelsa àti Delta. Kò síbi tí odò yẹn ti fojú kan odò Ògùn. Ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé Kamẹrúùnù ti ṣí géètì, àwọn ará Lọ́kọ́ja àti Onitsha ni kí ẹ máa bá dárò. Omi yẹn ò mọ ọ̀nà Ìṣẹ̀rí.

Omi tó wọ pálọ̀ yín, apá Ṣakí ló ti gbéra.

Lágbègbè Ṣakí, ní Òkè Ògùn, àwọn òkè kan wà tí wọ́n fi nǹkan bí 530 mítà ga ju òkun lọ. Ibẹ̀ ni odò Ògùn ti ṣẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ sí apá àríwá àwọn òkè yẹn ń wá odò Moshi lọ, Moshi á sì gbé e fún Ọya. Èyí tó bá rọ̀ sí apá gúúsù, Ògùn ló ni ín. Àgbẹ̀ méjì lè dúró sínú òjò kan náà lórí òkè kan náà, kí omi tó ń ṣàn lẹ́sẹ̀ ẹnì kan gba Lọ́kọ́ja dé òkun, kí ti ẹnì kejì gba iwájú ilé yín kọjá. Gbogbo ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń wá Ògùn lọ báyìí dà bí àwokòtò ńlá kan tí wọ́n dà tì sí ìhà ọ̀sà Èkó. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 23,000 km². Ìpínlẹ̀ Èkó látòkè délẹ̀ kò tó 3,600 km², nítorí náà àwokòtò yìí ju Èkó lọ ní ìlọ́po mẹ́fà. Púpọ̀ nínú Òkè Ògùn wà nínú rẹ̀, Ìbàràpá wà nínú rẹ̀, apá tó tóbi nínú ilẹ̀ Ẹ̀gbá náà wà níbẹ̀, etí rẹ̀ kan tiẹ̀ yọ díẹ̀ wọ ilẹ̀ Olómìnira Benin. Odò náà fúnra rẹ̀ rin ohun tó ju 400 kìlómítà kó tó dé ọ̀sà.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ààlà rẹ̀ dáadáa, torí àwọn èèyàn máa ń da odò pọ̀ mọ́ odò. Lápá ìwọ̀-oòrùn, Yéwa ni, ìhà Badagry ló ń lọ. Lápá ìlà-oòrùn, Ọ̀nà àti Ọ̀ṣun ni, kálukú ló sì ní ọ̀nà tó ń gbà lọ sí ọ̀sà. Ògùnpa tí ń bẹ n'Íbàdàn, tó ya wọ ìlú ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tí àwọn àgbà Ìbàdàn ṣì ń pè ní Omíyalé, kì í ṣe ọmọ Ògùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn jọra. Tí Ìbàdàn bá kún fómi lónìí, ẹ má tìtorí rẹ̀ kó àga sórí tábìlì.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ pé òjò ń rọ̀ láì dá ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn tàbí n'Íbàràpá, ọ̀rọ̀ yín ni.

Kí ló dé tí ilẹ̀ ibẹ̀ kì í mu omi náà tán? Àpáta ni. Láti Ṣakí títí dé Abẹ́òkúta, orí àpáta líle ni Ògùn ń gbà. Ẹ ti rí Olúmọ. Ọmọ ìyá Olúmọ ló wà lábẹ́ ilẹ̀ lọ rẹrẹ lókè lọ́hùn-ún, erùpẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ kò sì nípọn níbi púpọ̀. Ilẹ̀ á mu ìwọ̀nba tó lè mu, ìyókù á sáré wọ odò. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rò pé odò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni tí ẹ bá ń wo Ògùn láti ìgbà dé ìgbà. Ẹ dúró lórí afárá Láfẹ́ńwá l'Ábẹ́òkúta ní oṣù Kejì, ẹ ó rí àpáta dúdú tó yọ gànnàkù láàárín odò, omi tín-ín-rín ń wá ihò gbà láàárín wọn, ewúrẹ́ ń jẹko níbi tó yẹ kí omi wà. Ẹ padà síbẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹsàn-án. Ẹ ò ní rí àpáta kankan mọ́. Omi ẹrẹ̀ pupa ló máa gba ibẹ̀ láti etí dé etí, á máa gbé igi odidi lọ tòun ti gbòǹgbò. Àwọn tí wọ́n ń bọ Yemọja mọ̀ pé ìyá yìí ní ojú méjì. (Àwọn ará Brazil àti Cuba ti gbé e lọ sínú òkun níbẹ̀, ṣùgbọ́n nílé, odò Ògùn ni ibùgbé rẹ̀.)

Lẹ́yìn Abẹ́òkúta, ìwà odò náà yí padà. Àpáta rì sísàlẹ̀, yanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹfun ló kù lókè. Ilẹ̀ di pẹrẹsẹ. Odò tó ti ń sáré bọ̀ láti òkè kò rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó máa tì í lọ mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ó ń fà. Ohunkóhun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń gbé nígbà tó ń sáré, ibí ló máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Lápá Mókólókí àti Ọ̀fàdà títí wá dé ọ̀dọ̀ yín, lọ́dọọdún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ló ti ń kún bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tó ń tẹ́ ẹrẹ̀ síbẹ̀. Ilẹ̀ tí ilé yín dúró lé, odò ló kó o wá. Àwọn baba ńlá àwọn ọmọ onílẹ̀ tó tà á mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àkúrọ̀ ni wọ́n ń dá níbẹ̀: wọ́n á gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo lẹ́ẹ̀rùn, wọ́n á kórè, wọ́n á sì gòkè lọ sílé kí omi tó dé. Kò sẹ́ni tó ń sùn síbẹ̀.

Ẹ wá wo àsìkò òjò, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn oòrùn tó ràn tí ẹ fi sá aṣọ wà. Lọ́dọ̀ wa nísàlẹ̀ yìí, oṣù Kẹfà lòjò máa ń le jù. Ó máa ń dá díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, kí àrọ̀kúrò tó dé ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, ìyẹn kì í sì í le tó ti àkọ́kọ́. Òkè kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ṣakí, oṣù Kẹsàn-án gan-an ni òjò máa ń gbóná jù, lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ń mumi bọ̀ láti oṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún tó sì ti yó. Òjò tó tóbi jù nínú ọdún wá bọ́ sórí ilẹ̀ tí kò láàyè omi mọ́. Gbogbo rẹ̀ ló ń wọ odò. Ó sì máa ń tó ọjọ́ mélòó kan kí omi Ṣakí tó rìn dé Ìṣẹ̀rí, nítorí náà ìgbà tó bá fi dé, ojú ọ̀run lókè ti mọ́, ti ọ̀dọ̀ yín náà ti mọ́. Ẹ̀yin ń wo òfuurufú, omi ń gba ilẹ̀ bọ̀.

Ó ku dáàmù. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ èyí, torí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù.

Lára àwọn odò tó ń bọ́ sínú Ògùn, Ọ̀yán ló tóbi jù, Ọ̀fìkì sì ń ti apá Òkè Ògùn wá bá a. Orí Ọ̀yán ni wọ́n kọ́ dáàmù sí, nǹkan bí 20 kìlómítà sí Abẹ́òkúta, lápá àríwá ìwọ̀-oòrùn. Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí i ní ọdún 1983. Ògiri rẹ̀ gùn ju kìlómítà kan lọ, ó ga tó 30 mítà. Tó bá kún tán, ó ń gba mílíọ̀nù 270 kúbíkì mítà omi. Nọ́ńbà yẹn máa ń ba èèyàn lẹ́rù, èèyàn á rò pé ta ló lè kún un. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń wá bá dáàmù náà lẹ́yìn tó nǹkan bí 9,000 km². Tí ẹ bá tẹ́ mílíọ̀nù 270 kúbíkì mítà sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, gíga rẹ̀ á jẹ́ mílímítà 30, kò tó ìdajì ìka ọwọ́. Òjò tó ń rọ̀ lókè lọ́hùn-ún láàárín ọdún kan sì máa ń lé ní 1,000 mílímítà. Ìyẹn ni pé bí dáàmù náà bá tilẹ̀ ṣófo pátá, mílímítà 30 péré tó bá ṣàn kúrò lórí ilẹ̀ wá bá a, ó ti kún.

Nígbà tó bá sì kún, ìwọ̀n tó ń wọlé lókè ni ìwọ̀n tó gbọ́dọ̀ jáde nísàlẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọ kò gùn ju ibẹ̀ lọ. Erùpẹ̀ ni wọ́n fi mọ apá tó pọ̀ jù lára ògiri yẹn. Tí omi bá fi lè gun orí ògiri erùpẹ̀ kọjá, á máa wọ́ ọ lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi ya, ohun tó máa dé Abẹ́òkúta àti Ìṣẹ̀rí lọ́jọ́ náà, ti orúnkún kọ́ ni a ó máa sọ. Nítorí náà wọ́n ń ṣí géètì, ó sì dáa kí wọ́n ṣí i.

Ẹ̀ẹ̀kan náà, mi ò ní kí wọ́n lọ láìjẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká máa bi wọ́n ni ìgbà tí wọ́n ń ṣí i, ìwọ̀n tí wọ́n ń ṣí, àti bóyá wọ́n tètè kéde. Tí wọ́n bá ti ń tú u ní kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹfà, àyè á wà nínú rẹ̀ nígbà tí omi ńlá bá dé ní oṣù Kẹsàn-án. Àmọ́ ẹ gbọ́ tẹnu tiwọn náà. Ilé iṣẹ́ omi Ìjù àti Àdìyàn tó ń fún Èkó lómi mu, inú Ògùn ni wọ́n ti ń fà á, Abẹ́òkúta náà ń mu nínú rẹ̀. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, nígbà tí àpáta bá ti yọrí ní Láfẹ́ńwá, omi tí dáàmù fi pa mọ́ ni wọ́n ń tú díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀rọ má baà fa afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá tú omi dànù ní oṣù Kẹfà, tí àrọ̀kúrò wá kọ̀ tí kò rọ̀ tó, gbogbo Èkó ló máa bú u lẹ́ẹ̀rùn. Dáàmù kan náà ni à ń rán ní iṣẹ́ méjì tó takora: kó kún torí òùngbẹ, kó ṣófo torí ìkún omi. Lójú tèmi, wọ́n fi ti òùngbẹ ṣáájú ju bó ṣe yẹ lọ, torí ẹni òùngbẹ ń gbẹ l'Ékòó pọ̀, ariwo rẹ̀ sì le ju tẹni tómi ń lé nílé ní Ìṣẹ̀rí.

Ohun mìíràn tí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù yín kì í sọ ni pé Ọ̀yán kì í ṣe Ògùn. Nínú gbogbo àwokòtò 23,000 km² yẹn, ẹ̀yìn dáàmù Ọ̀yán kò ju bí ìdá méjì nínú márùn-ún. Lórí Ògùn fúnra rẹ̀, dáàmù mìíràn wà lókè, Ìkèrè Gorge, nítòsí Ìsẹ́yìn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí adágún rẹ̀ sì kan etí ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé. Àmọ́ láti ibẹ̀ wá sí Abẹ́òkúta, ilẹ̀ gbalasa kan ló wà láàárín tí odò rẹ̀ kò ní dáàmù ńlá kankan tó dá a dúró. Bí wọ́n bá ti géètì Ọ̀yán pa látàárọ̀ ṣúlẹ̀, Ògùn ṣì máa mú tirẹ̀ wá.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ọ̀sà náà ń dí i lọ́nà. Ọ̀sà Èkó àti òkun ń pàdé níbi tí ọkọ̀ ojú omi ńlá ń gbà wọ Àpápá, láàárín Victoria Island àti Tarkwa Bay. Kò ní ẹnu mìíràn tó tó o lọ sí òkun. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni òkun ń kún tó sì ń fà, nígbà tó bá sì ń kún, omi ọ̀sà kì í rọ́nà jáde bó ṣe fẹ́. Láàárín oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá náà ni àwọn odò tó wà ní ìlà-oòrùn ń da tiwọn sínú ọ̀sà. Tí ọ̀sà bá kún, Ògùn á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́: Àgbòyí, Kétu, Ajégúnlẹ̀ tó wà lọ́nà Ìkòròdú, ẹ̀yin náà. Ilẹ̀ tí ẹ wà kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ọ̀sà lọ. Ìdí nìyẹn tí omi fi máa ń wọlé lóru kan, tí kò wá ní jáde bọ̀rọ̀.

Ẹni tó ta ilẹ̀ fún yín ló purọ́ jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, omi yìí lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ kúrò nílé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ó bo ọ̀dọ̀ yín ní Ìṣẹ̀rí. Àwọn ọdún mìíràn wà láàárín tó wá tí kò pariwo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí wọ́n parí dáàmù, odò náà rọlẹ̀ fún àwọn ọdún kan, àwọn èèyàn rí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n ní odò ti kú. Wọ́n gé e sí púlọ́ọ̀tì. Ní oṣù Kejì sí Kẹta ni wọ́n sì sábà máa ń mú oníbàárà lọ wò ó.

Ọ̀rọ̀ yanrìn: ẹ má ṣe é, ó kéré tán ẹ má dá a ṣe. Yanrìn kò mú omi kúrò láyé, ilé aládùúgbò yín ló máa tì í sí. Òun náà á ra tiẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ó ga ju tiyín lọ, omi á padà sọ́dọ̀ yín. Bí gbogbo àdúgbò bá sì wá kún un pọ̀, àyè tí odò máa ń fẹ̀ sí á tán, omi á ga sí i fún gbogbo ẹni tó wà lókè yín lápá Arẹ́pò àti Wárẹ̀wà. Mo ti rí ilé tí wọ́n kún àyíká rẹ̀ tó fi jẹ́ pé inú pálọ̀ ló wá di kòtò. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fa omi jáde níbẹ̀ títí di oṣù Kejìlá.

Kí ẹ tó pinnu láti tà á tàbí kí ẹ dúró, ẹ ṣe nǹkan kan tí kò wọ́n. Ẹ wo ara fẹ́ǹsì yín àti ti gbogbo ilé tó yí yín ká. Omi ti kọ àkọsílẹ̀ síbẹ̀: ìlà pupa tí ẹrẹ̀ fi sílẹ̀, níbi tí ọ̀dà ti wú tó sì ń ṣí. Ẹ wá ìlà tó ga jù, ilé àtijọ́ ló dáa jù láti wò, ìlà méjì sí mẹ́ta lè wà lórí ara wọn. Ẹ wá pe sáfẹ́yọ̀ kó fi ẹ̀rọ rẹ̀ wọn ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlà yẹn àti ilẹ̀ pálọ̀ yín. Ẹ bi àwọn apẹja àti àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́bàá odò níbi tómi dé ní 2010 àti 2019. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju ẹni tó mú ìwé ilẹ̀ wá lọ.

Tí ìlà tó ga jù kò bá kọjá orúnkún nínú ilé, èèyàn lè bá a gbé. Ẹ gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì iná kúrò nísàlẹ̀ ògiri lọ sókè, ẹ kọ́ pèpéle gíga fún jẹnẹrétọ̀, ẹ má tọ́jú ìwé ẹ̀rí sínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀. Sọ́káwéè ni kí ẹ fojú sí jù: tí odò bá kún, sọ́káwéè á kún, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì bá omi kànga pàdé lábẹ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn ìkún omi, ẹ má mu omi kànga yẹn títí tí wọ́n á fi fà á gbẹ, tí wọ́n á fi kẹ́míkà sí i, tí wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ẹ máa tẹ́tí sí ìkéde àjọ Ogun-Oshun River Basin tó ń ṣọ́ dáàmù náà, olú ilé iṣẹ́ wọn wà l'Ábẹ́òkúta, àti ti NIHSA tó ń sọ tẹ́lẹ̀ nípa ìkún omi lọ́dọọdún. Ẹ tún wá ẹnì kan ní Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí tí ẹ lè máa pè. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láì dá lọ́dọ̀ wọn ti fún yín láyè tó tó láti kó ẹrù.

Tó bá jẹ́ pé ìlà náà dé fèrèsé, ẹ má ná kọ́bọ̀ kún ilé yẹn mọ́. Ẹ tà á tí ẹ bá rí ẹni rà á, àmọ́ ẹ mú un wá wò ó ní oṣù Kẹwàá, ẹ má sì kun ọ̀dà bo ara fẹ́ǹsì náà kó tó dé.